Ọ̀rá Abẹ́ Ìyẹ́

Moretan ni wọ́n ti fẹ́ Àpọ̀kẹ́ wá sí Akparé ní ilẹ̀ Togo. Òkè ni orúkọ ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Wọn kò tíì gbé pọ̀ pẹ́ tí Òkè fi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Nàìjíríà. Ó ní òun ò ní pẹ́ dé. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Fúnkẹ́ ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni. Òkè fi aṣọ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fi rédíò kékeré ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àlejò máa lọ sí ìlú wọn, Àpọ̀kẹ́ fa Fúnkẹ́ lọ́wọ́, ó lọ dúró sí etí títì. Ọkọ̀ ń kọjá, ẹrù ga gègèrè lórí wọn, mátíráàsì, fáànù, ìkòkò, àwọn èèyàn jókòó lé ẹrù náà lórí, eruku sì ti bò wọ́n lójú. Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojoojúmọ́ ló ń lọ, títí àwọn ọkọ̀ náà fi dín kù. Ọmọ Akparé kan tó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ló wá sọ fún un pé òun rí Òkè ní Ìbàdàn. Ara rẹ̀ le. Ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn níbẹ̀, ìyàwó náà ti bí ìbejì fún un, kò sì jọ ẹni tó ń di ẹrù.

Àpọ̀kẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbárímisá. Bàbárímisá ni ẹ̀gbọ́n Òkè, òun sì ni olórí agbo ilé láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Kì í lu ẹnikẹ́ni, kì í mutí yó. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ ọ̀hún tán nìyẹn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Àpọ̀kẹ́ wí lórí ìkúnlẹ̀, "mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Moretan."

"Ta ló dá ọ dúró?" Bàbárímisá ń rẹ́ èékánná rẹ̀ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Ọ̀nà Moretan là. Ṣùgbọ́n Fúnkẹ́ ò ní bá ọ lọ. Ọmọ Òkè ni, ilé bàbá rẹ̀ nìyí."

Àpọ̀kẹ́ di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ Moretan. Kí ọkọ̀ tó kún, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn padà wálé pẹ̀lú igbá ẹrù lórí. Málọmọ́, ìyá ọkọ rẹ̀, rí i bó ṣe ń wọlé, kò bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ó kàn sọ fún un pé omi ti tán nínú àmù.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn kò ní àfiwé. Òjò ọdún tó ṣáájú ti já èèyàn kulẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ sì dé, iná bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ó jó oko ẹ̀gẹ́, ó jó àká àgbàdo, ó jó igi kòkó àwọn ará òkè. Ilẹ̀ dúdú láti Akparé títí dé ọ̀nà Atakpamé. Àwọn èèyàn ń wa gbòǹgbò nínú igbó. Ẹsẹ̀ Málọmọ́ wú, ojú rẹ̀ wọnú, ọmọ Bàbárímisá tó kéré jù sì ń sunkún láìsí omijé.

Ìgbà yẹn ni òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Vincent dé pẹ̀lú ọkọ̀ kan àti igbákejì rẹ̀, André, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Ewé láti Lomé. Wọ́n pa àgọ́ sí etí odò kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn igi ọ̀pọ̀tọ́ ti ń bá omi tó ṣẹ́kù gbé. Iná kò dé ibẹ̀. Ẹyẹ ló gbé wọn wá. Vincent ní àwọn ẹyẹ kékeré kan wà, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n máa ń ti òkè-òkun wá lo ìgbà òtútù wọn lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n sì máa ń fò padà nígbà tí ọyẹ́ bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òyìnbó náà fẹ́ mọ iye ọ̀rá tó ń wà lára wọn kí wọ́n tó gbéra.

Ìlú fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ó ń wá ẹni tí yóò máa dáná, tí yóò máa pọnmi, ó sì ń fi ìrẹsì àti sàdíìnì kún owó iṣẹ́. Bàbárímisá bá André sọ̀rọ̀, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó wá padà wálé.

"Ìyàwó Òkè, lọ́la wàá lọ bá òyìnbó etí odò ṣiṣẹ́. Ìrẹsì, kó o máa gbé e wálé. Owó, èmi ni wọ́n á máa fún."

Báyìí ni Àpọ̀kẹ́ ṣe di alásè etí odò. Kò dùn ún bí èèyàn ṣe lè rò. Láàárọ̀, bó bá ti kọjá ilé tó gbẹ̀yìn, kò sí ẹni tó ń pè é mọ́. Ó lè jókòó lórí gbòǹgbò igi kó má ṣe nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tó ti rí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Àwọ̀n tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ tínrín bí òwú aláǹtakùn. Wọ́n ta á láàárín ọ̀pá méjì ní ojú ọ̀nà tí ẹyẹ ń gbà, ojú kì í tètè rí i. Ẹyẹ á fò wọ inú rẹ̀, á já sínú àpò àwọ̀n náà, á so rọ̀. Ọwọ́ André nípọn, ìka rẹ̀ máa ń gbọ̀n bí ẹyẹ bá ti kígbe. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹyẹ pọ̀ nínú àwọ̀n ju bí ọwọ́ ọkùnrin méjì ṣe lè tú lọ, oòrùn sì ti ń mú. André sáré wá síbi tí Àpọ̀kẹ́ ti ń koná.

"Ìyá Fúnkẹ́, ṣé o mọ irun dì?"

"Ta ni kò mọ irun dì?"

"Wá, jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà ìyẹ́ apá. Má fà á."

Ó tú àkọ́kọ́. Ọkàn ẹyẹ náà ń lù kìkìkì nínú ọwọ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ gbóná. Ó tú èkejì, ó tú ẹ̀kẹta. Láti ọjọ́ náà, André ló ń dáná, Àpọ̀kẹ́ ló ń tú ẹyẹ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ ní ìyókù. Wọ́n á fi òrùka irin kékeré sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀, òrùka tó ní nọ́ńbà lára. Wọ́n á fi rúlà wọn apá rẹ̀. Wọ́n á gbé e sínú àpò aṣọ, wọ́n á so àpò náà kọ́ òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá. Àpọ̀kẹ́ á dojú ẹyẹ sókè nínú ọwọ́ òsì, á ki ọrùn rẹ̀ sáàárín ìka méjì, á wá rọra fẹ́ atẹ́gùn láti ẹnu sí àyà rẹ̀. Ìyẹ́ á yà sí ọ̀tún, á yà sí òsì, awọ á sì hàn, awọ tó fẹ́lẹ́ tó fi jẹ́ pé èèyàn ń rí inú. Lábẹ́ ọrùn, níbi tí egungun méjì ti pàdé, kòtò kan wà. Bí ẹyẹ bá rù, kòtò náà á ṣófo, á pupa bí ẹran, egungun àyà á sì mú bí ojú ọ̀bẹ. Bí ó bá lọ́ràá, kòtò náà á kún fún nǹkan tó rí bí òrí, á tàn dé ikùn. Òdo ni wọ́n ń pe ẹni tí kò ní nǹkan kan. Mẹ́jọ ni ẹni tí ọ̀rá bò pátápátá.

"Kí ni wọ́n ń fi ọ̀rá náà ṣe?" ó bi André léèrè.

André nawọ́ sí àríwá. "Lẹ́yìn Dapaong, lẹ́yìn gbogbo ilẹ̀ yẹn, aṣálẹ̀ wà. Kò sí igi, kò sí kòkòrò, kò sí omi. Ọ̀rá yìí ni oúnjẹ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí kò bá tó, á já bọ́ sórí iyanrìn."

Lọ́dún yẹn, ọ̀rá kò dé. Ọ̀pọ̀tọ́ kéré, ó le, kòkòrò ṣọ̀wọ́n nítorí iná. Àwọn ẹyẹ tí Àpọ̀kẹ́ tú lọ́sẹ̀ kan ló ń tún tú lọ́sẹ̀ kejì, òrùka lẹ́sẹ̀ wọn, kòtò ọrùn wọn ṣófo síbẹ̀. "Òdo," ni yóò wí, André á kọ ọ́. "Òdo. Ọ̀kan. Òdo." Vincent ń rin àrìnká létí odò, ó ń wo sánmà. Àkókò tó yẹ kí wọ́n ti lọ ń kọjá, wọn kò sì lè gbéra.

Nílé, ebi kò dín kù. Ìrẹsì òyìnbó ni gbogbo agbo ilé ń jẹ, kò sì tó wọn. Málọmọ́ pe Àpọ̀kẹ́ wọ yàrá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Wọ́n ní ẹyẹ ń kún ọwọ́ rẹ lójoojúmọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"O sì ń jẹ́ kí wọ́n fò lọ."

"Bí ọ̀kan bá sọnù, Ìyá, wọ́n á lé mi. Ìrẹsì á sì tán."

Ìyá àgbà náà nà sórí ẹní, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Àpọ̀kẹ́ dúró níbẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun jáde tàbí kí òun jókòó. Bí òun bá mú ẹyẹ wálé, gbogbo ilé á pàdánù. Bí òun ò bá mú un wá, òun ni ìyàwó tó ń wo ìyá ọkọ rẹ̀ kó máa kú lọ. Bí òun bá sá, Fúnkẹ́ ń bẹ lẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣáájú André dé ibi àwọ̀n. Alẹ́ ni wọ́n máa ń ká àwọ̀n jọ, kí ẹyẹ má bàa kó sí i láìsí ẹni tí yóò tú u. Ṣùgbọ́n ó bá èyí tó wà nísàlẹ̀ odò ní títa, ó ti ya ní ibì kan, ọkùnrin kan sì lóṣòó sídìí rẹ̀. Bàbárímisá ni. Fìlà rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹyẹ tó ti lọ́ lọ́rùn. Ó rí Àpọ̀kẹ́, kò dìde.

"Bàbá, ẹ ti pa wá."

"Ìyá mi ò tíì fẹnu kan ẹran láti ìgbà tí iná ti jó oko." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ojoojúmọ́ lò ń fẹ́ atẹ́gùn sáyà ẹyẹ kó o lè mọ̀ bóyá ebi ń pa á. Ta ló ti fẹ́ sáyà ìyá mi rí?"

Bàbárímisá ká fìlà rẹ̀ pọ̀ mọ́ àyà, ó gba ọ̀nà igbó lọ. Obìnrin náà fa ìdí àwọ̀n tó ya pọ̀, ó ta á ní kókó, ó gbọn ìyẹ́ tó wà nílẹ̀ sínú odò. Nígbà tí André dé, Àpọ̀kẹ́ sọ fún un pé ẹ̀ka igi ló ya àwọ̀n.

Òun náà ló tún se àwọn ẹyẹ ọ̀hún lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó tu ìyẹ́ wọn, ó yọ òrùka kúrò lẹ́sẹ̀ èyí tó ní in, ó jù ú sínú eérú. Málọmọ́ jẹ, àwọn ọmọ jẹ. Wọ́n bu ọ̀kan fún un. Ó jẹ ẹ́ teegunteegun, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Èyí ló bà á nínú jẹ́ jù.

Àṣírí náà kò pẹ́ kó tó tú. Fúnkẹ́ rí òrùka kan nínú eérú, ó fi òwú sí i, ó so ó mọ́ ọrùn pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó wá bá ìyá rẹ̀ létí odò, André bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kí i, ó sì rí i. Ó fi ìka méjì mú òrùka náà, ó ka nọ́ńbà rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá Fúnkẹ́, níbo lọmọ yìí ti rí èyí?"

Vincent ti gbọ́, ó ti jáde nínú àgọ́. Àpọ̀kẹ́ mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ Bàbárímisá, wọ́n lè ránṣẹ́ sí sàǹdámù, àwọn ọlọ́pàá ìjọba, ní Atakpamé, òun á sì padà sí ilé tí kò sí ẹni tí yóò bá òun sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Bí òun bá sì ní òun ò mọ̀, ọmọ ni wọ́n á máa bi léèrè.

"A jẹ ẹ́ ni," ó wí. "Èmi náà jẹ nínú rẹ̀."

André túmọ̀ rẹ̀. Vincent kò pariwo. Ó ní kí wọ́n bi í bóyá ó ju ọ̀kan lọ. Àpọ̀kẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Òyìnbó náà wo Fúnkẹ́, ó wo apá rẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀ tó wú síwájú, bí ẹni pé kò rí ọmọ náà rí láti ọjọ́ tó ti ń wá. Ó rìn lọ sétí odò. Nígbà tó padà, ó bá André sọ̀rọ̀ gígùn.

"Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo ya àwọ̀n," ni André wí. "Kò fẹ́ gbọ́ orúkọ. Ó ní òun á fi kún ìrẹsì, òun á sì gba ọkùnrin kan láti ilé yín tí yóò máa ṣọ́ ibí. Ó ní ẹni tó bá ń ṣọ́ nǹkan kò ní jí i."

Inú gbogbo agbo ilé dùn. Ìrẹsì pọ̀ sí i, wíwú ẹsẹ̀ Málọmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Àpọ̀kẹ́ nìkan ló mọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ òun. Bàbárímisá ni wọ́n fi ṣe ọlọ́dẹ. Láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó jókòó lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ pẹ̀lú kóńdó lórí itan, ó ń wo àwọ̀n, ó ń wo Àpọ̀kẹ́. Bí obìnrin náà bá jókòó sórí gbòǹgbò, á ní, "Ìyàwó Òkè, ṣé iṣẹ́ ti tán?" Bó bá bá André rẹ́rìn-ín, á wúkọ́. Ìrọ̀lẹ́, wọ́n jọ ń lọ sílé, òun níwájú, Àpọ̀kẹ́ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù.

Òjò wá rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò kìlọ̀. Ilẹ̀ dúdú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í hu ewé. Kòkòrò bo igi, ọ̀pọ̀tọ́ rọ̀, ó pọ́n. Ìgbà tí Àpọ̀kẹ́ tún fẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ, ó rí àwọ̀ òrí nínú kòtò ọrùn. "Méjì," ó wí. Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, "Mẹ́rin." Lẹ́yìn náà, ó tú ọ̀kan tó wúwo lọ́wọ́ bí èso, ọ̀rá ti kún ọrùn rẹ̀, ó ti bo ikùn rẹ̀. "Méje." Vincent fò sókè bí ọmọdé. Ó ní kí Àpọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ tú u sílẹ̀. Ó la ọwọ́, ẹyẹ náà lọ. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, Bàbárímisá pàápàá. Inú ń bí Àpọ̀kẹ́, kò sì lè sọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́.

Láìpẹ́ àwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í wà lófìfo. Vincent palẹ̀ àgọ́ mọ́. Ó ní òun á padà wá nígbà ọyẹ́ tó ń bọ̀, ó sì fẹ́ kí Àpọ̀kẹ́ dúró de òun, nítorí ẹyẹ kì í kú lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ìgbà òjò yẹn, bó ṣe ń gbin àgbàdo, bó ṣe ń ro oko, ọ̀rọ̀ yẹn ni Àpọ̀kẹ́ ń rò.

Ọkọ̀ òyìnbó padà dé ní àsìkò tó dá. Bàbárímisá lọ kí wọn, ó gba iṣẹ́ fún ara rẹ̀ àti Àpọ̀kẹ́ gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀, ó gbé kóńdó rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àpọ̀kẹ́ jókòó sídìí ẹ̀pà, ó ń pa á.

"Ìyàwó Òkè, ilẹ̀ ti mọ́."

"Mi ò lọ, Bàbá."

Bàbárímisá rò pé ara obìnrin náà kò yá, ó lọ ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, André fúnra rẹ̀ wá. Ẹyẹ ti ń kú nínú àwọ̀n, ó ní, Vincent sì ti sọ pé bí Ìyá Fúnkẹ́ kò bá sí, àwọn á kó àgọ́ lọ sí ibòmíràn. Ọlọ́dẹ kankan kò ní sí mọ́ nìyẹn. André lọ tán, Bàbárímisá fa àpótí, ó jókòó níwájú Àpọ̀kẹ́.

"Kí lo fẹ́?"

"Tàǹtí Céline, àbúrò ìyá mi, ń ránṣọ ní Atakpamé. Kí Fúnkẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kó máa lọ sílé ìwé."

"Kí ìwọ náà lè wá tẹ̀lé e lọ, àbí?"

"Mi ò ní tẹ̀lé e."

"Irọ́ ni. Bọ́mọ bá ti dé ọ̀hún, ta ni yóò dá ọ dúró?"

"Èmi fúnra mi." Ó gbé igbá ẹ̀pà kúrò lórí ẹsẹ̀. "Ẹ pe Ìyá. Ẹ pe àwọn àgbà ilé. Màá sọ ọ́ lójú wọn."

Ó sì sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ láàárín agbo ilé, ó ní níwọ̀n ìgbà tí Fúnkẹ́ bá ń kàwé ní Atakpamé, òun kò ní fi ilé Òkè sílẹ̀, òun kò ní fẹ́ ọkọ mìíràn, òun á sì tọ́jú Málọmọ́ títí dé ilé ìkẹyìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ kó fi gbogbo ìyẹn kún un. Ó mọ̀ pé ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò ní gbà á.

Ọjọ́ tí Fúnkẹ́ ń lọ, ó wọ aṣọ tuntun, kò sunkún títí ọkọ̀ fi gbéra. Ìgbà yẹn ló wá fi ọwọ́ méjèèjì lu gíláàsì ẹ̀yìn. Àpọ̀kẹ́ dúró títí eruku fi rọlẹ̀, ó wá gba etí odò lọ, nítorí wọ́n ń retí rẹ̀.

Vincent wá fún ọdún díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà kò wá mọ́. Òkè kò padà. Bàbárímisá kú ní ọdún tí gbogbo Togo daṣẹ́ sílẹ̀ tí ọkọ̀ kò rìn, Àpọ̀kẹ́ ló sì wẹ òkú rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí ọ̀nà dé láti Lomé. Fúnkẹ́ kàwé jáde, ó di nọ́ọ̀sì ní Atakpamé, ó gba ilé oníyàrá méjì lórí òkè. Ó gun alùpùpù wá sí Akparé lọ́jọ́ ìsinmi kan láti wá kó ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti kú, Ìyá. Ta lẹ tún ń bẹ̀rù?"

Àpọ̀kẹ́ ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ Málọmọ́. Ojú ìyá àgbà náà ti fọ́, kò lè dìde fúnra rẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ ohùn àlejò, ó na ọwọ́, ó wá ọrùn ọwọ́ Àpọ̀kẹ́ kàn, ó dì í mú.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Fúnkẹ́ ni, Ìyá."

"Ó fẹ́ mú ọ lọ?"

"Ó kàn wá kí wa ni."

Fúnkẹ́ jókòó sórí àpótí. Àpọ̀kẹ́ nu ẹsẹ̀ náà tán, ó fi òrí pa á, ó rọra tú ọwọ́ ìyá àgbà kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn èkejì, ó sì lọ wá iṣu tí ọmọ rẹ̀ yóò gbé padà lọ.